Onígbàjámọ̀ Tó Fẹ́ Yọwọ́ Nínú Kẹ́mísírì

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ta ló rán onígbàjámọ̀ níṣẹ́ kó máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ pé kẹ́mísírì kò le? Kò sẹ́ni tó bi í. Á ti fi aṣọ so èèyàn lọ́rùn, á ti gbé abẹ sétí onítọ̀hún, ìgbà yẹn ni á wá bẹ̀rẹ̀: "Àwọn ọmọ ìwòyí ló ń sọ pé ó le. Orí wọn ló ṣófo." Ta ni yóò bá ẹni tó mú abẹ dání jiyàn? Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ lẹ sọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di Ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn, nígbà tí kò tíì wọ kíláàsì rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé ìdí ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ irun gígẹ̀ ń wá olùkọ́. Orúnkún ń dun Ọ̀jọ̀gbọ́n torí ìdúró ojoojúmọ́, iṣẹ́ téèyàn ti lè jókòó máa sọ̀rọ̀ sì wù ú dọ́kàn. Wọ́n gbà láti mú un. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ló kù, kó lọ yege nínú kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, torí ẹni tó máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń pa irun láró gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú aró náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyẹn nìkan?" Ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún kẹ́mísírì.

Kíláàsì kan náà ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin wà. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé, torí láti kékeré kò gbóhùn sókè rí. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ dà, bí kò bá sì gba máàkì tó dáa nínú kẹ́mísírì, wọn ò ní gbà á sí ẹ̀ka àwọn nọ́ọ̀sì lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó dá bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí mi."

"Kí ló dé? Ṣé mò ń dójú tì ẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ ni."

"Díẹ̀" yẹn pa bàbá lẹ́rìn-ín. Ó gbà, inú ẹ̀ sì dùn sí eré náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá pàdé ní kọ́rídọ̀, á yọ fìlà, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, omidan. Àwọn òbí yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ń tọ́jú yín dáadáa?" Jẹ́jẹ́ á ní, "Wọ́n ń gbìyànjú, sà," á wá máa wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Àfi bí olùkọ́ kẹ́mísírì ṣe dé tó pín wọn ní méjì-méjì fún iṣẹ́ láàbù. Obìnrin tín-ín-rín kan ni, tí awò ojú rẹ̀ kì í kúrò níwájú orí. Ó wo ọmọ, ó wo bàbá, ó ní, "Ìwọ àti bàbá yẹn." Ó ní máàkì kan náà làwọn méjì tó bá jọ ṣiṣẹ́ máa gbà, pé ìdajì máàkì kọ́ọ̀sì náà ló wà ní láàbù, pé òun kì í sì í pààrọ̀ ẹnikẹ́ni, àyàfi bí ẹnì kan bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú kọ́ọ̀sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọwọ́ sí ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, ó ní inú òun dùn láti mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò ju báyìí lọ. Ọ̀pá gíláàsì kan wà, onílà wẹ́wẹ́, tó ní táàpù kékeré nísàlẹ̀. Wọ́n á rọ oògùn sí i, wọ́n á fi ìgò sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á wá máa ṣí i kó máa kán tó, tó, tó, títí omi funfun inú ìgò náà á fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, kí o tì í, kí o ka ìlà tí oògùn dé. Ó parí. Bó bá pọ́n jù, o ti ṣe é tì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun ni àgbà, òun ni yóò mú táàpù. Ó ń ṣí i, ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá fi máa rántí wo ìgò, ó ti pọ́n kọjá. Á ní, "Ó ti dé o." Á wá ka ìlà láti òkè níbi tó dúró sí, torí orúnkún kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, á pe nọ́ńbà tó bá rí lójú ẹ̀. Jẹ́jẹ́ á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ni kí Jẹ́jẹ́ ṣe? Kó sọ fún bàbá ẹ̀ níwájú ọmọ aráyé pé ó ṣì í kà? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé pé a kì í já àgbà nírọ́, ìgbà wo ló fẹ́ wá kọ́ bí a ṣe ń já wọn nírọ́ níta? Bàbá náà kò sì bi í, torí àgbà wo ló ń bi ọmọ ẹ̀ bóyá òun mọ nǹkan kà? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pa máàkì ara wọn. Ti àkọ́kọ́ kéré, ti ìkejì kéré sí i, nígbà tó di ìkẹta, olùkọ́ kàn fa ìlà gbọọrọ sórí iṣẹ́ wọn ni, kò kọ nǹkan kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà ní kọ̀rọ̀ pé kẹ́mísírì le lóòótọ́. Ó tún wo ọmọ ẹ̀, ó ní orí òun ló jogún, kò sóhun tí èèyàn lè ṣe sí i.

Ìyàwó ẹ̀ ló la ojú ẹ̀. Ilé ìfọṣọ lobìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń lọ aṣọ nílé lọ́wọ́ nígbà tó dédé ní, "Bàbá Jẹ́jẹ́, ọmọ yẹn tún sunkún ní balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí."

"Kẹ́mísírì ni. Ó le fún un."

"Kò le fún un. Gbogbo ìdánwò tó dá jókòó ṣe ló yege. Láàbù nìkan ló ń fà á sẹ́yìn." Ó yí aṣọ padà, kò gbójú sókè. "Wọ́n ní bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn níbẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún fìlà ẹ̀ ṣe.

"Ẹ bá mi kí bàbá náà," ni ìyàwó ẹ̀ wí. "Ẹ ní ìyá ọmọ ní kó jọ̀ọ́, kó fi ọmọ òun sílẹ̀. Mo gbọ́ pé ó lè yọ orúkọ ẹ̀ títí di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì."

Ẹ wo ọ̀ràn. Bí ó bá yọwọ́, iṣẹ́ olùkọ́ tó ti ń fojú inú wò lọ nìyẹn, orúnkún á máa jẹ́ orúnkún, ẹnu àwọn oníbàárà ẹ̀ ò sì ní í gba nǹkan mìíràn títí ọdún á fi yípo. Bí kò bá yọwọ́, Jẹ́jẹ́ ò ní í di nọ́ọ̀sì. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúró síwájú dígí, ó ń tọ́ irunmú ẹ̀. Irunmú náà nípọn, ó gbé e sókè ètè bí ẹni gbé adé, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ onígbàjámọ̀ mìíràn kàn án rí. Láràárọ̀ ló máa ń fi abẹ tún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣe.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni télọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì wí láti orí àga, "ẹ má gbàgbé wa o, bí ẹ bá di ẹni ńlá."

"N ò ní í gbàgbé yín. Ṣé ó dáa báyìí?" Ó yí irunmú sí télọ̀.

Télọ̀ wo irunmú náà. Ó ya ẹnu, ó fẹ́ sọ nǹkan. Ó wo abẹ tó wà lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní, "Ó dáa gan-an."

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì fi máa mọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pinnu. Ó ti kọ ìwé ìyọrúkọ, ó ká a sápò. Ó ní bí òun bá ti ṣe láàbù àárọ̀ yẹn tán, òun á mú un lọ sí ọ́fíìsì, ọmọ á rí ẹni gidi bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ẹ sì mọ bí ara ọkùnrin náà ṣe rí, kò lè rí ilé agbọ́n kó má fi igi kàn án. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà ń rí i. Ṣé ó ń rí àṣìṣe tí bàbá ẹ̀ ń ṣe, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, àbí kò rí i?

Lọ́jọ́ yẹn, ó pa ẹnu mọ́ fúngbà àkọ́kọ́, ó sì tẹjú mọ́ ìgò. Oògùn ń kán, tó, tó, tó. Omi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó rí i kedere. Ó tì í.

"Omidan, ṣé ó ti yí padà?"

Jẹ́jẹ́ wo ìgò, ó wo bàbá ẹ̀. "Bí ẹ bá ṣe rí i, sà."

"Èmi ò rí i pé ó yí padà o. Funfun ni mò ń wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Funfun ni."

Ó tún ṣí i. Omi pọ́n sí i, ó di pupa fòò. "Báyìí ńkọ́?"

"Funfun, sà."

Àwọn tó wà lórí tábìlì tó tẹ̀ lé tiwọn ti ń yọjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí táàpù pátá, oògùn ń ya sínú ìgò ṣọ̀ọ̀. "Funfun báláú, àbí?"

Jẹ́jẹ́ ní, "Báláú, sà." Ó sì ti gbé bírò láti kọ ọ́.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé lágbájá ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ ọ́ fún ẹgbàágbèje oníbàárà, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló fojú ara ẹ̀ rí i, lẹ́nu ọmọ tirẹ̀. Ẹ̀rín tó ti gbé sétè ti pòórá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì bà á lẹ́rù. Nọ́ọ̀sì lọmọ yìí fẹ́ dà. Bí dókítà tó bá dàgbà jù ú lọ bá dúró ti òkú, tó ní aláìsàn yìí ń mí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà, ni yóò wí náà?

Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí táàpù, ó kojú sí olùkọ́. "Màdáámù, mo ní nǹkan sọ. Ọmọ mi lọmọ yìí."

"Mo mọ̀," ni olùkọ́ wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Iwájú orí kan náà. Ìdí tí mo fi dà yín pọ̀ nìyẹn. Mo rò pé ẹbí á ran ara wọn lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ kàn máa wá máa kí ara yín ni."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ti fi ọwọ́ bojú. Bàbá ẹ̀ dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ó wá yọ fìlà, eré ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jẹ́rìí mi. Nílé wa, èmi ni bàbá. Nínú yàrá yìí, èmi ni àbúrò, òun ni ẹ̀gbọ́n mi." Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo lèyí?"

Jẹ́jẹ́ gbọ́wọ́ kúrò lójú. Ó wo ìgò náà bí ẹni tí kò rí i rí.

"Pupa ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀kíní."

"Kí wá ni ká ṣe, ẹ̀gbọ́n?"

"Ká dà á nù. Ká tún un ṣe. Kí ẹ má sọ̀rọ̀."

Wọ́n tún un ṣe. Ó ní, "Ẹ dúró," bàbá kò tètè dúró, ó pọ́n jù. Wọ́n dà á nù. Ó tún ní, "Ẹ dúró," bàbá dúró, omi náà sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó rọra pọ́n bí ojú ẹni tí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lójú ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ ka ìlà, Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ojú yín bá a dọ́gba." Ó bẹ̀rẹ̀. Orúnkún ẹ̀ dún kẹ̀kẹ̀ tí gbogbo tábìlì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ó fa awò ojú sílẹ̀ láti iwájú orí, ó wò ó dáadáa, ó sì fún wọn ní máàkì tí wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Ó ní èyí tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́, pé èyí tó kù ṣì tó gbé ẹni tó bá fẹ́ dìde.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ẹ ò mọ ọkùnrin náà. Inú ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìwé ṣì wà lápò. Ó ní bí ọmọ yìí bá lè ṣe tó báyìí pẹ̀lú ẹni bí òun, kí ni kò ní í lè ṣe pẹ̀lú ẹni tí orúnkún ẹ̀ dá ṣáṣá? Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, ó lọ tò sẹ́nu fèrèsé ọ́fíìsì, lẹ́yìn ọmọkùnrin kan tó ń ti ìwé tirẹ̀ wọlé. Kò pẹ́ tí Jẹ́jẹ́ fi dé, ó mú fìlà tí bàbá gbàgbé sí láàbù dání. Ó rí ìwé lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàbá mi, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Ìyá rẹ ní kí bàbá àgbàlagbà yẹn fi ọ́ sílẹ̀. Mo ti jíṣẹ́ fún un. Ó gbà."

Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó yí fìlà náà po lọ́wọ́. "Ṣé inú yàrá yẹn nìkan ni mo ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo kọ́rídọ̀, ó wo aago ara ògiri. "Kọ́rídọ̀ náà wà lára ẹ̀," ni ó wí.

"Ó dáa. Ẹ ti ṣe é tì."

"Kí ni mo ṣe tì?"

"Gbogbo ẹ̀, sà. Ẹ kì í dúró nígbà tó yẹ kí ẹ dúró, ìgbà tí kò yẹ kí ẹ lọ lẹ wá ń lọ. Ta lẹ fẹ́ kí n bá ṣe é? Ọmọkùnrin tó dá nìkan jókòó lẹ́yìn láàbù yẹn, oorun ló ń sùn. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ni, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sàn ju ẹni tó ń sùn lọ." Ó mí kanlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn ẹ̀ sì ń ga bó ṣe ń lọ. "Orúkọ ásíìdì inú ìgò yẹn, ẹ ti ń ṣì í pè láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlòmíì ti ń pè é bí ẹ ṣe ń pè é."

Akọ̀wé inú fèrèsé nawọ́ síta. "Bàbá, ẹ mú ìwé yín wá, mo fẹ́ tìlẹ̀kùn."

"Ẹ ṣe sùúrù," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Wọ́n ń bá mi wí lọ́wọ́."

Akọ̀wé fi ìgbọ̀nwọ́ ti fèrèsé, ó ń gbọ́. Jẹ́jẹ́ kò sì dánu dúró. Ó dé orí orin tí bàbá máa ń kọ ní balùwẹ̀. Ó dé orí bàtà tó ń wọ̀ lọ sí kíláàsì, tó máa ń dún bí ọmọ ológbò. Ogún ọdún ọ̀rọ̀ ló ń tú jáde, bàbá náà sì dúró, ó ń mi orí, ara ẹ̀ yá gágá. Kò sẹ́ni tó ti bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀.

"Ó kù kan," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ohùn ẹ̀ tún lọlẹ̀. "Irunmú yín kò dọ́gba. Apá òsì ga ju ọ̀tún lọ."

Ọwọ́ bàbá lọ sí ètè. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, sà."

Ó yíjú sí akọ̀wé, ó ní kó jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni. Akọ̀wé wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ọjọ́ tí ẹ wá forúkọ sílẹ̀ ni mo ti rí i. Mo rò pé bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn." Ó wo aago, aago mẹ́rin ti lù. Ó rọra fa fèrèsé pa dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì di ìwé mú, kò sì kan fèrèsé náà. Ó ká ìwé, ó fi í sápò, ó gba fìlà ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, télọ̀ bá a ní ṣọ́ọ̀bù níwájú dígí, abẹ lọ́wọ́, Jẹ́jẹ́ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Ìwọ náà mọ̀ pé kò dọ́gba?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Ta ni yóò sọ ọ́ fún ẹni tó mú abẹ dání?" Télọ̀ jókòó. "Kẹ́mísírì ńkọ́?"

Onígbàjámọ̀ wo abẹ ọwọ́ rẹ̀. "Ó le," ni ó wí. "Ó le gan-an ni."

Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó gbé abẹ sí apá òsì irunmú, ó ń gé e díẹ̀díẹ̀, irun ń bọ́ sínú àwo ìfọwọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rántí, ó pa ẹnu dé. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ojú ẹ̀ lè bá ètè bàbá ẹ̀ dọ́gba, ó ń wo òsì, ó ń wo ọ̀tún.

"Ẹ dúró," ni ó wí.

Bàbá ẹ̀ dúró.